Ìgbà Tí Mo Fi Pọ́líìṣì Kun Ilẹ̀ Tírélà Àlhájà

Nínú gbogbo káfíńtà tó ti gbé ayùn rí ní agbègbè Amuwo-Ọ̀dọ̀fin, èmi nìkan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó fi pọ́líìṣì kun ilẹ̀ tírélà. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín tán, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bọ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni mo kùn ún o. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni, mo sì ń fi sáńpépà yún un láàárín ìkùn kan sí èkejì, títí tó fi ń dán gbinrin. Bọ̀dá Kámọ́rù, tó ń wa ọkọ̀ tó ń fà á, wo ojú ara rẹ̀ nínú pákó náà, ó sì tún fìlà rẹ̀ dé.

Gbàdébọ̀ lorúkọ mi, ọmọ Ìkìrun ni mí. Láàárín àwọn ọdún 1980, mo ní ìsọ̀ káfíńtà kan ní Agboju, lẹ́bàá títì. Àwọn ará Festac ni oníbàárà mi. Àwọn ilé ìjọba wọ̀nyẹn láyè nínú, ẹni tó bá sì kó wọ ibẹ̀ máa ń fẹ́ kí pálọ̀ òun ju ti ẹni tó wà lókè òun lọ. Mo ń ṣe àga fún wọn, mo ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù, mo ń ṣe rúùmù-difáídà, ìyẹn pákó oníhò-oníhò ńlá tí wọ́n fi ń pín pálọ̀ sí méjì, tí wọ́n ń to àwo sí. Mo mọ iṣẹ́ náà. N kò ní fi ìtìjú pa á mọ́, mo mọ̀ ọ́n ju àwọn yòókù lọ, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá tó kọ́ mi ní Múṣìn, Ọ̀gá Ráímì, òfin kan ṣoṣo ló ní. Bó o bá so pákó méjì pọ̀, á mú bíléèdì ìfárùngbọ̀n, á fi ẹnu rẹ̀ tọ ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Bí bíléèdì bá fi lè rọ́nà wọlé, á ní kó o tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. "Gbàdé, atẹ́gùn ò gbọdọ̀ ríbẹ̀ gbà," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ọdún mẹ́fà ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì gba òfin yẹn bí ẹni gba ẹ̀sìn. Nígbà tí mo dòmìnira tí mo dá ìsọ̀ tèmi sílẹ̀, bíléèdì ló kọ́kọ́ wọ àpótí irinṣẹ́ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, Àlhájà Sífáwù yà sí ìsọ̀ mi. Ọmọ Ìwó ni, òun ni aṣojú ilé iṣẹ́ mínírà, ìyẹn ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ní Agboju, tí àwọn onísọ̀ kéékèèké ń wá rà lọ́wọ́ rẹ̀ ní kéréètì-kéréètì. Obìnrin tó sanra díẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ tí kì í dáhùn.

"Gbàdé, wọ́n ní ìwọ lo ṣe rúùmù-difáídà dókítà kan ní Sẹ́kọ́ńdì Áfẹ́níù."

"Èmi ni mà."

"Wá bá mi ṣe ilẹ̀ tírélà mi. Pákó ẹ̀ ti jẹrà. Ẹsẹ̀ Kámọ́rù já wọnú ẹ̀ lánàá, díẹ̀ ló kù kó ṣẹ́."

Tírélà tí à ń wí yìí kì í ṣe àjàgbé gbọọrọ tó ń ti Àpápá bọ̀ o. Kékeré ni, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tí wọ́n ń so mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù. Irin ni egungun rẹ̀, pákó ni wọ́n tẹ́ sórí irin náà tí ẹrù ń jókòó lé, òun là ń pè ní ilẹ̀ tírélà. Wọ́n ní àwọn tó wá kọ́ ilé Festac ló fi í sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ parí, ó sì ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn kó tó dé ọwọ́ Àlhájà. N kò ṣe ilẹ̀ tírélà rí láyé mi. Ṣùgbọ́n ẹnu káfíńtà tó ń ṣiṣẹ́ ní Festac ò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Ìyẹn ò tó nǹkan, mà."

Nígbà tí mo ń tú pákó àtijọ́ yẹn kúrò, ẹ̀rín ló ń pa mí. Ojú rẹ̀ rí jákujàku, ẹni tó ṣe é kò tilẹ̀ fi ìfági kàn án. Àyè wà láàárín pákó kan sí èkejì tí ìka lè wọ̀. Mo ké sí àwọn onísọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi kí wọ́n wá wòran. "Ẹ wá wo iṣẹ́ o! Ejò á gba àárín eléyìí kọjá, kò ní fara kan nǹkan kan!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Bàbá àgbàlagbà kan dúró létí ọ̀nà tó ń wò wá. Bàbá Tálábí ni, ọmọ onílẹ̀ Amuwo gan-an. Ọkọ̀ ojú omi ni iṣẹ́ rẹ̀, òun ló ń kàn án fún àwọn apẹja létí ọ̀sà lẹ́yìn Festac. Ó bèèrè bóyá mo máa fún òun ní pákó tí mò ń tú yẹn.

"Ẹ máa kó gbogbo ẹ̀ lọ, Bàbá. Ẹ fi dáná."

Ó gbé ọ̀kan sókè, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn. Ó wò mí. "Ẹni tó ṣe eléyìí gbọ́n o, ọmọ mi," ló wí. Mo rò pé ọjọ́ orí ti ń dà á láàmú. Ó kó pákó rẹ̀ sínú ọmọlanke, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àràmàǹdà mi nìyẹn. Pákó ọ̀gànwó tó gbẹ dáadáa ni mo rà, irú èyí tí à ń fi ṣe àga pálọ̀. Mo fá a títí ó fi ń yọ̀ lábẹ́ ọwọ́. Mo gbẹ́ ahọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo gbẹ́ ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ọ̀kan lè máa gbé èkejì mì, mo sì tún fi gúlúù há wọn mọ́ra. Mo fi ìṣó kan wọn mọ́ igi ìdábùú tó wà lórí irin, mo ri orí ìṣó wọlé, mo fi púútì dí ojú rẹ̀, kó má baà ba ẹwà jẹ́. Mo mú bíléèdì mi, mo tọ gbogbo ojúùpàdé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò ríbì kankan wọ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń dá orin kọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbé pọ́líìṣì.

Ọjọ́ tí Àlhájà wá gbé e, àwọn èèyàn yí ìsọ̀ mi ká. Àlhájà ṣàdúrà fún mi. Obìnrin kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní òun kò mọ̀ bóyá kí wọ́n kó mínírà sórí rẹ̀ ni tàbí kí wọ́n gbé e wọ pálọ̀. Mo sọ fún Bọ̀dá Kámọ́rù pé kó máa bọ́ bàtà kó tó gun orí rẹ̀. Mo sọ ọ́ tinútinú. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, òun náà wá bá mi.

"Gbàdé, ẹrù ń yọ̀ lórí nǹkan yìí o. Tí mo bá tẹ búréèkì, gbogbo kéréètì á rìn."

"Bọ̀dá mi, ẹ fi okùn dè é dáadáa. Ọwọ́ yín ni ò le."

Ẹ fojú inú wo àfojúdi. Ọkùnrin tó ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí mi.

Ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ sópin, òjò àkọ́rọ̀ sì wá rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Àlhájà ni tírélà náà wà. Irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, ilẹ̀ rẹ̀ ò sì jò, nítorí atẹ́gùn ò ríbẹ̀ gbà. Omi kún inú rẹ̀ bí agbada. Ọ̀gànwó tó ti gbẹ wẹ́wẹ́ mu omi, ó wú. Nígbà tó wú, kò sí àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kankan tó lè sún sí, ni ó bá gba òkè. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àárín tírélà ti yọ gègé bí ẹ̀yìn ahun, òmíràn nínú ìṣó mi sì ti fà tu. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìkẹ́rù ni, wọn kì í sì í pa ọjọ́ ìkẹ́rù jẹ. Bọ̀dá Kámọ́rù gbọ́n omi dànù, ó lọ sí dípò, ìyẹn ilé ìkẹ́rùsí ilé iṣẹ́ mínírà, ó kó ẹrù, ó sì dè é lókùn méjì.

Ibi tí ọ̀nà ti yí wọ Agboju ló ti ṣẹlẹ̀. Mo wà nínú ìsọ̀ mi, mò ń rẹ́ pákó, ni mo gbọ́ ariwo kan tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo sáré jáde. Kéréètì ti ń yọ̀ láti orí òkè àárín yẹn bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan ń ti èkejì, okùn ti já, ìgò sì ń fọ́ sórí títì. Ilẹ̀ pupa fún ọ̀sàn, ó dúdú fún kólà, gbogbo rẹ̀ sì ń hó yàà. A dúpẹ́ pé kò balẹ̀ sára ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ń ké "Yéè!", àwọn mìíràn ti ń ṣa èyí tí kò fọ́ mu.

Àlhájà dé. Ó dúró sáàárín ìfófòó náà, bàtà rẹ̀ rẹ. Kò pariwo, kò bú mi. Ó wo ilẹ̀ tírélà tó ń dán síbẹ̀ nínú oòrùn, ó wá wò mí.

"Gbàdé, ṣé tábìlì ni mo ní kó o bá mi ṣe?"

Ká ní ó gbá mi létí ni, ìbá sàn fún mi.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìròyìn ti dé dípò náà. Ọkùnrin tó jẹ́ súpáfáísọ̀ wọn, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀gá Dípò, wá fúnra rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́. Ó ní ilé iṣẹ́ àwọn kì í fi ẹrù sórí ọkọ̀ tí kò yẹ. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí Àlhájà gbé tírélà tó dára wá kí àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá yege, àwọn á gbé ipò aṣojú Agboju fún ẹlòmíràn.

Kí ẹ lè mọ ohun tí mo fẹ́ bà jẹ́: orí ni Àlhájà fi bẹ̀rẹ̀. Inú abọ́ ló ń to ìgò mínírà àti yìnyín sí, tó ń kiri fún àwọn awakọ̀ ní Mazamaza. Ó kúrò ní abọ́, ó ní tábìlì. Ó kúrò ní tábìlì, ó ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wá ipò aṣojú yìí kí wọ́n tó fún un, kò sì tíì pé oṣù mẹ́fà tó débẹ̀. Èmi àti pọ́líìṣì mi ni a fẹ́ dá a padà sí ìdí abọ́.

Mo ti ìsọ̀ mi pa lọ́jọ́ kejì. Ojú ń tì mí. Mo jókòó sínú iyàrá, mo ń bínú sí òjò, mo ń bínú sí Bọ̀dá Kámọ́rù, mo ń bínú sí ọ̀gànwó. Nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tí mo lè bínú sí mọ́, ó wá kù mí ku ara mi. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, kí ni mo rí? Pákó tí mo ní kí wọ́n fi dáná. Ó pẹ́ títí lórí tírélà yẹn kó tó jẹrà, òjò sì ń rọ̀ sí i lọ́dọọdún. Tèmi ò fojú kan ju òjò kan ṣoṣo lọ.

Mo gba etí ọ̀sà lọ. Mo bá Bàbá Tálábí níbi tó ti ń fi òwú àti ọ̀dà dí ojúùpàdé ọkọ̀ kan. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn.

"Bàbá, pákó ọjọ́sí. Ṣé ẹ ti fi dáná?"

"Pákó apá ni mo fẹ́ fi dáná? Ṣé orí mi dà rú ni?"

Ó ti fi wọ́n ṣe pẹpẹ tó ń to irinṣẹ́ rẹ̀ sí. Ó fa ọ̀kan yọ, ó gbé e sí mi lẹ́sẹ̀. "Jókòó. Kà á fún mi."

Mo ní n kò rí ohun kan tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó fi ìka hàn mí. Inú ihò kọ̀ọ̀kan ṣì ní ìpẹtà, ibi tí bóòtù ti wọlé tó jáde lábẹ́, tí nọ́ọ̀tì dì í mú. Kì í ṣe ìṣó. Ìlà eyín ayùn wà lójú pákó gbọọrọgbọọrọ, wọn kò fá a, kí ẹrù lè rí nǹkan dì mú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì dúdú fún ẹrẹ̀ àtọdúnmọ́dún, àmì pé omi àti erùpẹ̀ ń gba ibẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fi ṣẹ̀sín níwájú ìsọ̀ mi, ìdí kan wà fún un.

"Wò ó," ni Bàbá wí, ó sì tọ́ka sí ọkọ̀ tó ń dí. "Èmi, orí omi ni iṣẹ́ mi ń gbé. Mò ń há pákó mọ́ra kí omi ìta má wọlé. Ìwọ, orí ilẹ̀ ni iṣẹ́ tìrẹ ń gbé, o tún há a mọ́ra. Ta lo wá ń dá omi dúró fún?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

"Ọkọ̀ ojú omi lo kàn fún Àlhájà. Ibi tó ti burú ni pé inú lo jẹ́ kí omi wà." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ìgò ti fọ́. Ó wá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́: "Igi ò kú, ọmọ mi. A gé e lulẹ̀ ni, kò kú. Ó ṣì ń mumi, ó ṣì ń gbẹ. Fún un láyè tí á máa gbà wú."

Láti ibẹ̀, ọ̀dọ̀ Àlhájà ni mo gbà lọ. Wẹ́dà kan, ẹni tó ń fi iná so irin pọ̀, wà níwájú rẹ̀ tó fẹ́ tẹ́ irin pẹlẹbẹ sórí tírélà náà, ṣùgbọ́n Bọ̀dá Kámọ́rù ń mi orí, ó ní píkọ́ọ̀pù òun ò ní lè fa irin kó tún fa ẹrù. Mo dọ̀bálẹ̀ sójú wọn. Mo sọ àṣìṣe mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, n kò fi ọ̀kan pamọ́: ìfági, ìṣó, pákó tí mo há mọ́ra, pọ́líìṣì. Mo bẹ Bọ̀dá Kámọ́rù pẹ̀lú, nítorí ọ̀rọ̀ bàtà àti ọ̀rọ̀ okùn.

Àlhájà yíjú kúrò lọ́dọ̀ wẹ́dà náà sí mi. Ó ní, "Dìde. Kì í ṣe pé ọkàn mi balẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ibi tó ti ṣìnà sàn fún mi ju ẹni tí kò tíì rìn lọ. Ọjọ́ márùn-ún ló kù."

Bọ̀dá Kámọ́rù ní, "Ṣé mo lè wọ bàtà gun eléyìí?"

"Ẹ wọ búùtù, ẹ̀gbọ́n mi."

Igi apá ni mo lọ rà níbi ìlagi. Ẹni tí kò bá tíì rẹ́ apá kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní igi. Ó wúwo bí òkúta, ó ń jẹ́ kí ẹnu ayùn kú, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù omi, ikán kì í sì í fẹnu kàn án. Ìlu ọlọ́wọ́ ni mo fi lu gbogbo ihò bóòtù, àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì sì bó. Mo fi ọ̀dà àwọn ọlọ́kọ̀ kun abẹ́ pákó àti ẹnu ibi tí mo ti gé e, mo fi òkè sílẹ̀ bí ayùn ṣe rẹ́ ẹ. Bàbá Tálábí wá ń jókòó tì mí lójoojúmọ́, ó mú àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá.

Òkè tí mo fi sílẹ̀ yẹn ló fẹ́ pa mí. Ojú mi ò gbà á. Bí mo bá ti rí i tó rí jákujàku, ọwọ́ mi á kàn máa rìn lọ sídìí ìfági. "Bàbá, ẹ jẹ́ n kàn fi pa á lára lẹ́ẹ̀kan péré." Bàbá dìde, ó mú ìfági náà, ó fi í sábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó sì gbé e lọ sílé. Bí mo ṣe parí iṣẹ́ náà láìní ìfági nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àyè àárín pákó ló kù. Bàbá ní kò gbọdọ̀ fẹ̀ jù kí ẹsẹ̀ kéréètì má baà há, kò sì gbọdọ̀ há jù kí erùpẹ̀ má baà dí i, àti pé kó dọ́gba láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mò ń wá igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo lè fi wọ̀n ọ́n, ni ojú mi bá bọ́ sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù Àlhájà, níbi tí ìdérí ìgò mínírà pọ̀ bí yanrìn. Mo ṣa ẹ̀kún ọwọ́ kan. Mo ki ìdérí mẹ́ta sáàárín pákó méjì, mo fún bóòtù le, mo yọ wọ́n, mo bọ́ sí ti èyí tó kàn. Àyè náà dọ́gba bí ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe é. Bàbá Tálábí wò ó títí. "Èyí, èmi ò mọ̀ ọ́n o," ló wí. Ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn tó lẹ́nu àgbà tó mọ gbogbo nǹkan tó kù.

Mo fún nọ́ọ̀tì tó gbẹ̀yìn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. N kò tíì nu ọwọ́ tí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn sá wọ abẹ́ òrùlé, èmi wọ abẹ́ tírélà. Mo dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀, omi ń ṣàn bọ́ láàárín pákó sí mi lára ní ìlà-ìlà, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí wèrè. Kò sí ẹ̀kán kan tó dúró lókè.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, a dé dípò: Àlhájà níwájú pẹ̀lú Bọ̀dá Kámọ́rù, èmi lẹ́yìn. Ọ̀gá Dípò yí tírélà náà po. Ó fi ìka bọ àyè àárín pákó.

"Kí ló dé tí ẹ fi ihò sílẹ̀? Ṣé pákó ò tó ni?"

Mo ní, "Ó tó, sà. Ọ̀nà omi ni." Mo ṣàlàyé fún un. Ó kàn ní kí wọ́n bu korobá omi kan wá, ó dà á sí àárín gbùngbùn. Omi náà pòórá. Ó mi orí díẹ̀ bí ẹni tó gbà, ó wá ké sí ẹni tó ń wa fọ́ọ̀kílíìfù, ẹ̀rọ onírin tó ń gbé ẹrù bí ẹni gbé ọmọ.

Ọmọkùnrin yẹn kánjú. Dípò kó rọra sọ ẹrù kalẹ̀, ó jù ú sílẹ̀ gbì! Gbogbo táyà tírélà wọlẹ̀ díẹ̀. Àlhájà di ojú rẹ̀. Èmi ń fetí wá ohun tí ń dún, nítorí igi tó bá fẹ́ là máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Apá ò sọ nǹkan kan.

Ọ̀gá Dípò ní kí Bọ̀dá Kámọ́rù wà á yí ọgbà po, kó sì tẹ búréèkì lójijì. "Má de okùn," ló wí. Láìdè é lókùn! Bọ̀dá Kámọ́rù wò mí. Mo ní, "Ẹ máa lọ." Ó sáré yí po, ó tẹ búréèkì débi pé táyà han. Kéréètì kan ò sún. Ó tún un ṣe, ó tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n jókòó pa síbẹ̀, ìgò nìkan ló ń kan ara wọn.

Ọ̀gá Dípò bọ́ kóòtù rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ti orí bọ abẹ́ tírélà, ó wo gbogbo nọ́ọ̀tì. Ó dìde, ó gbọn eruku, ó buwọ́ lùwé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Àlhájà. Ó wá yíjú sí mi. "Káfíńtà, a ní tírélà mẹ́rin lẹ́yìn ilé tí ilẹ̀ wọn ti jẹrà. Ṣé wàá lè wá wò wọ́n?"

Mo lè wá wò wọ́n! Láti orí tírélà mẹ́rin yẹn ni iṣẹ́ ayé mi ti yí padà. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò ṣe rúùmù-difáídà mọ́ àfi tí ẹni tó bẹ̀ mí bá jẹ́ ọ̀rẹ́. Ilẹ̀ tírélà ni mo ń ṣe, láti Mazamaza títí dé Ọ̀jọ́, àwọn tó sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ìdérí ìgò mínírà mẹ́ta ni mo máa ń fún wọn lọ́jọ́ òmìnira wọn. Ọ̀gá Ráímì gbọ́ nípa rẹ̀ kó tó kú. Ó wá láti Múṣìn, ó fi bíléèdì rẹ̀ gba àárín pákó mi kọjá, ó fi gba ibẹ̀ padà, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà ì bá há a mọ́ra ni.

Ṣùgbọ́n kí n padà sí ọjọ́ Ajé yẹn, nítorí kò sí ọjọ́ tó dà bí rẹ̀. Wọ́n kó ẹrù kún tírélà ní àkúnwọ́sílẹ̀. Mo fẹ́ wọ iwájú píkọ́ọ̀pù, Àlhájà ní rárá. Ó tọ́ka sókè.

"Gun orí iṣẹ́ ẹ."

Mo gun orí kéréètì, mo jókòó sókè téńté. Bọ̀dá Kámọ́rù ò fẹ́ sáré lọ́jọ́ náà, ó rọra ń wà á bí ẹni gbé ìyàwó bọ̀ wá sílé, ó sì ń tẹ fèrè. Nígbà tí a dé Agboju, àwọn tó rí ìgò fọ́ lọ́jọ́sí jáde láti inú ìsọ̀. Àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ké pe Àlhájà.

"Àlhájà, ẹ kú oríire o! Ẹ kú oríire!"

Obìnrin tí kì í pariwo yìí yọ orí àti apá síta láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè láyé mi nìyẹn.

"Ẹ má kí mi! Káfíńtà mi ni kẹ́ ẹ kí! Òun ló wà lókè yẹn!"

Gbogbo Agboju sì gbójú sókè, wọ́n kí mi.